Ẹni Tó Ń Wúkọ́ Lẹ́yìn Cornelius

Ọkùnrin tó pe Kùdírátù lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ní báńkì lòun ti ń pè, Cornelius sì lorúkọ òun. Kò sóhun tó ṣàjèjì nínú ìyẹn. Ní Sango, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ọmọ kan tí kò tíì san owó ilé má fi ohùn imú pe ìyá àgbàlagbà pé báńkì lòun. Ohun tó ṣàjèjì ni pé ẹnìkan ń wúkọ́ lẹ́yìn Cornelius: ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, ẹ̀ẹ̀kan gígùn, lẹ́yìn náà èémí kan tó rọra já wálẹ̀ bí ìgbà tí alábàárù bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Kùdírátù mọ ikọ́ yẹn. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi sùn tì í. Múìdéènì ọkọ rẹ̀ ló ni ín, Múìdéènì sì ti pé ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ní Joju ló wà, nídìí maṣíìnì, níbi tó ti ń ran ìrọ̀rí tà. Fóòmù wẹ́wẹ́ tó ń rà lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ ló ń kì sínú wọn, ó sì máa ń kún irun rẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹni tí wọ́n bu gààrí dà lé lórí. Oòrùn ń ràn níta. Àwọn ọmọ kéú ń ké Kùránì ní ilé kẹta. Ọwọ́ Kùdírátù dúró lórí aṣọ tó ń rán.

"Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́," ni Kùdírátù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Cornelius ló ń gbọ́.

"Wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì yín pa nítorí ọ̀rọ̀ BVN. Ẹ má fòyà. Gbogbo nǹkan yín ló wà níwájú mi níbí. Àbí 2716 kọ́ ni PIN yín?"

2716 ni lóòótọ́. Ta ni ìbá tún mọ ìyẹn bí kò ṣe báńkì?

Ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn: gbogbo Sango ló mọ̀ ọ́n. Níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń sun amọ̀ di táìsì, níbi tí Múìdéènì ti ṣe fọ́máànì lójú ọ̀nà Ìdírókò, òṣìṣẹ́ kì í lórúkọ, nọ́ńbà káàdì ìwọlé ni wọ́n ń jẹ́. Láràárọ̀ ni sìkiọ́rítì ẹnu géètì máa ń lọgun: "Tuu-sẹ́fìn-wọ̀n-síìsì! Ẹ ti pẹ́ o!" Nígbà tí iléeṣẹ́ wá ṣí àkáǹtì owó oṣù fún wọn, gbogbo wọn pátá, àwọn ọlọ́gbọ́n, fi nọ́ńbà ìwọlé yẹn ṣe PIN kí wọ́n má baà gbàgbé. Ẹ ò rí i bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tán, tó wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn náà kó má baà sọnù. Nígbà tí Múìdéènì kú, tí wọ́n san owó ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún opó, Kùdírátù náà fi 2716 sí káàdì tirẹ̀. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Ó kàn jẹ́ pé nígbàkigbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lára ẹ̀rọ, ó máa ń dà bíi pé ó pe ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì fi owó dá a lóhùn. Obìnrin mélòó ni ọkọ ààyè wọn ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ni owó náà wà fún. Toyibat, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bí wọn ò bá sanwó kí oṣù tó parí, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Cornelius ní kó ka nọ́ńbà iwájú káàdì. Kùdírátù kà á bí ẹni ka Fátíhà. Ó ní kó ka ti ẹ̀yìn. Ó kà á. Ó wá ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kó pè é sókè ketekete. Nọ́ńbà wọlé. Kùdírátù la ẹnu pé, "Mẹ́rin..." Ikọ́ náà bá ta. Ó gba gbogbo inú fóònù, kò ṣẹ́ àyè kù fún ohùn ẹnikẹ́ni.

"Màmá, mi ò gbọ́. Ẹ tún un pè."

"Mẹ́rin, òdo..." Ikọ́.

"Nẹ́tíwọ̀kì yín yìí náà! Ẹ tún un pè!"

Nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àkókò nọ́ńbà náà kọjá. Cornelius mí kanlẹ̀, ó ní òun yóò pè lọ́la.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè o," ni Kùdírátù wí. "Ẹ má gbàgbé o."

Ṣé ẹ̀yin ti rí àgbò tó ń bẹ alápatà pé kó má pẹ́ dé?

Lọ́jọ́ kejì, kó tó di ìrun Alásárì, ó ti wẹ̀, ó ti ró ìró tí Múìdéènì rà fún un ní Iléyá tó ṣe kẹ́yìn, ó sì lé tìróò. Toyibat ń kọjá lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ta lẹ ń retí?"

"Báńkì."

"Báńkì wo lèèyàn ń lé tìróò dè?"

"Kọjá síbi tí ò ń lọ, jàre."

Cornelius pè. Ó ń sọ tirẹ̀, ikọ́ ń sọ tirẹ̀. Kùdírátù ti ilẹ̀kùn, ó fi fóònù mọ́tí títí etí rẹ̀ fi gbóná. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti fẹ́ dárúkọ nọ́ńbà ni ikọ́ náà máa ń dìde, nítorí náà, bó bá ti dákẹ́ pẹ́ jù, òun fúnra rẹ̀ á ní, "Ṣé kí n tún un pè?" Ó wá di pé ó ń fi nọ́ńbà pe ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń fi àgbàdo pe adìyẹ. Òórùn kan sì ti gba inú yàrá, òórùn amọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná, irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ Múìdéènì nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó fa òórùn náà símú. Kò ṣí fèrèsé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó lọ sọ́dọ̀ Fúnkẹ́mi, tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòjò ní ìkángun àdúgbò, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Fúnkẹ́mi, bí báńkì bá pe èèyàn, tí wọ́n ní kó ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù rẹ̀..."

"Olè ni." Fúnkẹ́mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Báńkì kì í béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbáà mọ orúkọ ìyá tó bí ìyá yín, olè ni. Nọ́ńbà yẹn ló kù kó fi wọ yàrá yín. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti sọ nǹkan kan fún ẹnìkan ni?"

"Ó mọ 2716."

Fúnkẹ́mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tuu-sẹ́fìn-wọ̀n-síìsì! Èmi tí mi ò dé iléeṣẹ́ táìsì rí, ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Ṣebí ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ Bàbá Toyibat, tí wọ́n ń gbé e yí Joju ká bíi nọ́ńbà mọ́tò! Ẹ gbé fóònù yín wá. Ìsinsìnyí la máa ti àkáǹtì yẹn pa."

Kùdírátù fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú. "Ó dọ̀la."

"Ọ̀la kẹ̀? Ìyá Toyibat, olè wo ló ń dúró de ọ̀la?"

Kí ni Kùdírátù yóò sọ? Pé ó ti ń ṣe òun láti àná bíi pé olè ni? Pé bí wọ́n bá ti àkáǹtì pa, olè ò ní pè mọ́, bí olè ò bá sì pè, òun á tún sin Múìdéènì lẹ́ẹ̀kejì? Ó kí Fúnkẹ́mi pé ó kú iṣẹ́, ó sì yíjú sílé. Fúnkẹ́mi tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń pòṣé. Kò mọ̀ pé òmùgọ̀ tí obìnrin náà ń ṣe, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni.

Nígbà tí Cornelius máa pè lọ́sàn-án, inú ti ń bí i. Ó ti gbàgbé ohùn imú rẹ̀ sílé. Kùdírátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé "Méje" ni ikọ́ ta.

"Màmá!" ni ọmọkùnrin náà jágbe. "Ẹ dákun, ẹ sọ fún Bàbá tó ń wúkọ́ lẹ́yìn yín yẹn kí wọ́n bọ́ síta díẹ̀, ká lè parí ọ̀rọ̀ yìí!"

Gbogbo ara Kùdírátù dúró gbagidi.

"Lẹ́yìn mi kọ́," ló sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Lẹ́yìn yín ni."

"Èmi nìkan ni mo wà níbí, mà."

"Èmi náà nìkan ni."

Láàárín wọn, ikọ́ náà ta: ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, ẹ̀ẹ̀kan gígùn. Èémí já wálẹ̀. Níta, àwọn ọmọ kéú ṣì ń ké, oòrùn ṣì ń ràn, adìyẹ kan ń yan fanda kiri lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹlòmíràn ìbá ti ju fóònù nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta náwó lórí ìpè kì í fẹ́ pàdánù.

"Háà, Bàbá yẹn!" ni Cornelius wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n wà. Wọ́n ń kí yín. Wọ́n ní kí ẹ má wulẹ̀ pè é lẹ́nu mọ́, kí ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí mi. Bó bá ti wọlé báyìí, mo máa gbé fóònù fún wọn, wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀."

"Wọ́n á bá mi sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ gidi, mà. Kì í ṣe ikọ́."

Ẹni tí ohùn òkú ò wù gbọ́ rí ni kó máa bú Kùdírátù. Nọ́ńbà mẹ́fà wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ikọ́ náà dìde, ó le, ó tún le sí i, ṣùgbọ́n kò sí bí ikọ́ ṣe lè bo ohun tí èèyàn ń fi ìka tẹ̀. Ó tẹ ìkẹta. Ó tẹ ìkẹrin. Nígbà tó tẹ ìkarùn-ún, ikọ́ náà ti di ti ẹni tí nǹkan há lọ́nà ọ̀fun. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lókè ìkẹfà nígbà tí ìbéèrè kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: kí ni wọ́n máa ń pè mí?"

"Wọ́n ní... olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n."

Olólùfẹ́! Múìdéènì! Ọkùnrin tó jẹ́ pé ohun tó sọ sétí ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni pé bàtà rẹ̀ ti dọ̀tí! "Sájẹ́ǹtì" ló ń pè é, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó ti rí bó ṣe ń ṣọ́ owó oúnjẹ, títí di àárọ̀ tó kú, tó ní, "Sájẹ́ǹtì, bá mi bu omi." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kùdírátù kó tó mọ̀, ẹ̀rín tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta tí kò rí ọ̀nà jáde.

"Olè ni ọ́, ọmọ mi," ló sọ jẹ́jẹ́. "Olè tí kò tún mọ iṣẹ́."

Ikọ́ ta. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe nínú fóònù. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni, níbi àwọn àpò fóòmù, ó sún mọ́ ọn débi pé fóòmù wẹ́wẹ́ fò kúrò lẹ́nu àpò, ó sì ń rọra balẹ̀ lé e léjìká. Orí rẹ̀ wú. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá Toyibat," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "láti ọjọ́ wo lẹ ti wà níbí?"

Èémí yẹn ló dá a lóhùn. Kùdírátù pa nọ́ńbà márààrún rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì jáde lọ sọ́dọ̀ Fúnkẹ́mi láìwọ bàtà.

Nígbà tí Fúnkẹ́mi rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bi í ní nǹkan kan. Ó pe nọ́ńbà tí báńkì fúnra wọn kọ sẹ́yìn káàdì, wọ́n ti àkáǹtì pa lójú ẹsẹ̀. Láàárọ̀ Jímọ̀ àwọn méjèèjì jọ lọ sí báńkì ní Ojú Òrè. Wọ́n gé káàdì àtijọ́ sí méjì lójú rẹ̀, wọ́n fún un ní tuntun, wọ́n ní kó tẹ PIN mìíràn, èyí tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí, tí kì í ṣe nọ́ńbà ilé, tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tí ayé mọ̀. Ìka Kùdírátù pẹ́ lórí eéjì. Àwọn tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin kan ní ṣé ìyá yìí fẹ́ sùn síbẹ̀ ni. Ó gbé ìka kúrò, ó tẹ òmíràn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà, ẹ má béèrè. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n san owó ilé ẹ̀kọ́ Toyibat.

Ilé wá dákẹ́. Kò sí ìpè, kò sí ikọ́, òórùn amọ̀ iná náà sì ti lọ. Kùdírátù ti gba owó rẹ̀ là, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń rìn káàkiri ilé. Toyibat rò pé ẹ̀rù ni. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti tán. Wọn ò lè pè yín mọ́." Ìyá rẹ̀ ní, "Mo mọ̀," ó sì sunkún sínú ìborùn.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun Alásárì, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ pè é.

"Màmá." Kò sí ohùn imú, kò sí báńkì. Ohùn ọmọ tí kò rí oorun sùn ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù. Èmi ni. Cornelius."

"Kí lo tún fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ wá mú Bàbá lọ."

Lẹ́yìn rẹ̀, ikọ́ náà ta.

"Láti Jímọ̀ ni wọ́n ti wà nínú yàrá mi. Mo ti yọ SIM. Mo ti fọ́ fóònù yẹn mọ́lẹ̀. Mo sá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Ìjù, wọ́n ti ṣáájú mi débẹ̀. Bí mo bá ti pe ẹnikẹ́ni báyìí, wọ́n á máa wúkọ́ títí onítọ̀hún á fi pa fóònù. Mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, mà."

"Iṣẹ́," ni Kùdírátù wí.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, kí Ọlọ́run má kà á sí i lọ́rùn, owú ni. Ẹ wo opó tó ń jowú ọmọ Yahoo.

"Màmá, mo mọ ikọ́ yẹn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo kàn ń tan ara mi ni. Mo ṣe lébìrà lábẹ́ wọn fún oṣù mẹ́rin. Iléeṣẹ́ kì í fún àwa káṣúà, àwa òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́, ní ìbomú. Tiwọn ni wọ́n máa ń bọ́ fún mi. Wọ́n ní èmi ṣì kéré, pé kí n má jẹ́ kí eruku yẹn wọ̀ mí láyà." Ohùn rẹ̀ já. "Mo wá sí àdúà fídáù wọn nílé yín. Mo jẹ ìrẹsì. Mo tún gba sínú ọ̀rá."

Kùdírátù rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún mélòó ló fi ń bá ọkọ rẹ̀ jà pé ìbomú rẹ̀ dà? Ọkùnrin náà á ní ó sọnù. Lóṣooṣù ni ìbomú ń sọnù. Ó tiẹ̀ pè é ní aláìbìkítà lójú ẹbí rẹ̀, Múìdéènì sì kàn wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Èèyàn mélòó lo ti gba owó wọn?"

"Mi ò fi bẹ́ẹ̀..." Ikọ́. "Mọ́kànlá, mà."

"Gbé fóònù sún mọ́ Bàbá."

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Gbé e sún mọ́ ọn, mo ní!"

Ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe gbé fóònù rìn, lẹ́yìn náà ni èémí náà dé etí rẹ̀, tímọ́tímọ́. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta ló ti tò sílẹ̀ dè é, ti ọ̀run, ti àwọn ẹbí, ti òrùlé tó ń jò. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Bàbá Toyibat," ló ní. "Ọmọ ti wọlé ilé ẹ̀kọ́ o. Owó pé."

Èémí náà dúró, bí ẹni tó ń tẹ́tí.

"Ọmọ tẹ́ ẹ fún ní ìbomú nìyẹn. Ẹ má fi í sílẹ̀ títí yóò fi dá owó olówó padà. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán..." Ó fẹ́ sọ pé, "Ẹ máa bọ̀ nílé." Ó mọ̀ pé wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti lọ. "Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ẹ lọ sinmi."

Nígbà tí Cornelius máa sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀ ni.

"Màmá, wọ́n ti jókòó. Mi ò rí wọn, ṣùgbọ́n ibùsùn mi tẹ̀ lápá kan. Bíírò mi ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ mi lórí tábìlì."

"Mú un, kí o kọ orúkọ àwọn tó o gba owó wọn. Ta ni ẹni àkọ́kọ́?"

"Ìyá kan ni, ní Ojú Òrè. Ìyá Olúkẹ́mi."

"Kọ ọ́ kó hàn dáadáa. Ọkọ mi kì í fẹ́ràn ìkọkúkọ."

Kùdírátù ò pa fóònù. Ó gbé orí ti ògiri, ó fi fóònù mọ́tí, ó pa ojú dé. Ó ń gbọ́ bíírò tó ń ha ìwé, ó ń gbọ́ ọmọkùnrin náà tó ń ṣẹ́ imú, lẹ́yìn ìyẹn ó ń gbọ́ èémí ọkọ rẹ̀, tó ń wọlé, tó ń jáde, tó mọ́ kedere bíi ti ẹni tí eruku ò wọ̀ láyà rí. Ó ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Màgàrìbà, títí owó fi tán lórí fóònù Cornelius.